Tírímù Ẹ́ńjìnì Ẹ̀yìn Ọkọ̀: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tó Ti Bàjẹ́, Láti Bátìrì Dé Inú Sílíńdà

Tírímù ni ẹ̀rọ oníná tó ń gbé ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ojú omi sókè, tó sì ń mú un sọ̀kalẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò gòkè tàbí tí kò sọ̀kalẹ̀ mọ́, pọ́ǹpù tírímù ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Pọ́ǹpù yìí ló wọ́n jù nínú gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, òun ló ṣòro jù láti tú, òun ló sì yẹ kó gbẹ̀yìn nínú ohun tí a ó fura sí. Ìdí rèé tí iṣẹ́ yìí fi ń bẹ̀rẹ̀ láti etí: ẹ gbọ́ ìró tí tírímù ń mú jáde, ẹ yẹ iná wò, ẹ yẹ fáàfù ọwọ́ (èyí tí a ń ṣí kí a lè fi ọwọ́ gbé ẹ́ńjìnì) àti ọ́ìlì wò, kí ẹ tó fi sípánà kan ìdè kankan lára pọ́ǹpù.

Irú ẹ́ńjìnì tí a ní lọ́kàn ni Yamaha 60, 75, 115 àti 200 (nọ́ńbà yìí ni agbára ẹṣin wọn) tó wà lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ fáíbà tó ń kó èrò lórí ọ̀sà Èkó, láti Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Badagry. Ìlànà kan náà ni Suzuki, Mercury àti Honda ń tẹ̀ lé. Àwọ̀ wáyà àti ibi tí wọ́n fi nǹkan sí ló lè yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì 40 tó wà lọ́wọ́ àwọn apẹja kò ní tírímù oníná rárá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e, ọ̀rọ̀ yìí kò sì kàn wọ́n.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀

Mọ́tò iná kékeré kan wà láàárín búrákẹ́ẹ̀tì méjèèjì tó di ẹ́ńjìnì mú mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó lè yí sọ́tùn-ún, ó lè yí sósì. Bí ó bá yí síhìn-ín, pọ́ǹpù oníjíà tó so mọ́ ọn a ti ọ́ìlì sí ìsàlẹ̀ písítìnì, ẹ́ńjìnì a gòkè. Bí ó bá yí sọ́hùn-ún, ọ́ìlì a gba òkè písítìnì wọlé, ẹ́ńjìnì a sọ̀kalẹ̀. Fáàfù kéékèèké tó wà nínú pọ́ǹpù ló ń ti ọ̀nà mọ́ ọ́ìlì nígbà tí ẹ bá gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì, kí ẹ́ńjìnì lè dúró síbi tí ẹ fi í sí.

Lára ẹ́ńjìnì ńlá, ọ̀pá kúkúrú méjì ló ń ti ẹ́ńjìnì ní ìbẹ̀rẹ̀, bí ogún dígíríì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pá gígùn tó wà láàárín nìkan ló ń gbé e lọ títí dé òkè pátápátá. Àwọn ẹ́ńjìnì tó kéré sábà máa ń ní ọ̀pá kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Wáyà méjì péré ló lọ bá mọ́tò tírímù: búlúù àti gíríìnì. Rílè méjì (súwíìṣì oníná tí bọ́tìnì ń darí), tí Yamaha sábà máa ń kó sínú àpótí kan, ló ń pinnu èyí tí iná yóò gbà. Kókó kan wà níbí tí ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn, torí òun ni gbogbo àyẹ̀wò iná yóò dúró lé. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ bọ́tìnì, wáyà méjèèjì wà lórí nẹ́gẹ́tíìfù. Tí ẹ bá tẹ òkè, búlúù nìkan ni rílè yóò gbé bọ́ sórí pọ́sítíìfù, gíríìnì yóò dúró síbi tó wà kí iná lè gba ibẹ̀ padà. Nítorí náà, nẹ́gẹ́tíìfù tí kò dára nídìí rílè máa ń pa òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ẹni pé mọ́tò ló kú.

Ohun kan tún wà tí kì í ṣe àìsàn rárá. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, tí ẹ́ńjìnì sì kọ̀ láti kọjá ìwọ̀n ogún dígíríì yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Agbára tí pùròpẹ́là fi ń ti ọkọ̀ síwájú ló bo agbára ọ̀pá àárín mọ́lẹ̀, fáàfù ìdáàbòbò sì ń dá ọ́ìlì padà. Ẹ dín eré ọkọ̀ kù kí ẹ tó dán an wò.

Kí ẹ tó bọ́ sábẹ́ rẹ̀

Ẹ́ńjìnì 75 wúwo ju ọgọ́rùn-ún kílò lọ, 200 sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ìyẹn. Irin ìgbédúró tó wà lára búrákẹ́ẹ̀tì dára fún ìgbà tí ọkọ̀ wà ní ìdákọ̀ró, ṣùgbọ́n kò tó fún ẹni tó fẹ́ tú sílíńdà. Ẹ fi irin náà há a, kí ẹ sì tún fi igi tó nípọn tì í tàbí kí ẹ fi ṣéènì gbé e kọ́. Ọkọ̀ tó wà lórí ilẹ̀ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Bí ọkọ̀ bá wà lórí omi, ìgbì ọkọ̀ mìíràn tó ń kọjá tó láti mú irin kúrò ní ipò rẹ̀.

Ọ́ìlì inú tírímù lè ní agbára ìtẹ̀ tó ju 1,000 psi (ìwọ̀n ìtẹ̀) lọ. Ẹ má fi ìka wá ibi tó ti ń jò nígbà tí ẹnì kan ń tẹ bọ́tìnì. Ọ́ìlì tó bá fọ́n jáde láti ihò tín-ín-rín lè gba awọ ara wọlé, ilé ìwòsàn ni wọ́n sì ti ń tọ́jú ìyẹn, lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí ojú egbò kò bá ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Páálí ni kí ẹ fi wá a.

Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kúrò nínú ọkọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà, ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba inú ọkọ̀ kọjá. Iná yóò ta nígbà tí ẹ bá ń so wáyà bátìrì tààrà. Kò sí bí kò ṣe ní ta.

Ẹ tẹ bọ́tìnì, ẹ tẹ́tí

Ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ẹ ṣí ìdérí. Kí ẹnì kan tẹ òkè, kó tẹ ìsàlẹ̀, kí ẹlòmíràn sì wà nídìí ẹ́ńjìnì. Ìró tí ẹ bá gbọ́ ni yóò sọ ibi tí ẹ máa lọ:

- Kò dún rárá: iná bọ́tìnì kò dé rílè.
- Ó ta “kẹ́” lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́: rílè ti gbọ́, ṣùgbọ́n iná ńlá kò dé mọ́tò, tàbí mọ́tò fúnra rẹ̀ ti kú.
- Mọ́tò ń kérora, ó ń yí tìpátìkúùkù: iná kò tó, omi ti wọ mọ́tò, tàbí nǹkan há ẹ́ńjìnì mọ́lẹ̀.
- Mọ́tò ń sáré fùù bí ẹni tí kò gbé ẹrù, ẹ́ńjìnì kò mira: ọ́ìlì kò sí, fáàfù ọwọ́ ṣí sílẹ̀, tàbí irin tó so mọ́tò mọ́ pọ́ǹpù ti já.
- Ó ń dún bó ṣe yẹ, ẹ́ńjìnì gòkè, lẹ́yìn náà ó ń rọra bọ̀ wálẹ̀: fáàfù tàbí O-ring (òrùka rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì) kan kò di ọ̀nà mọ́.

Ẹ́ńjìnì tó ní tírímù sábà máa ń ní bọ́tìnì kejì lára ìdérí ìsàlẹ̀ rẹ̀, yàtọ̀ sí èyí tó wà lórí ọwọ́ gíà. Ẹ tẹ méjèèjì. Bí ti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnì bá ṣiṣẹ́, tí ti ọwọ́ gíà kò ṣiṣẹ́, àìsàn wà nínú bọ́tìnì ọwọ́ gíà tàbí wáyà tó ti ibẹ̀ wá. Wáyà yìí sábà máa ń já síbi tó ti ń tẹ̀ nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń fa gíà. Ìṣẹ́jú kan ni àyẹ̀wò yìí gbà, ó sì lè gbà yín lọ́wọ́ títú gbogbo nǹkan.

Tí kò bá dún, tàbí tó ta “kẹ́” lásán

Ẹ mú mítà tí a fi ń wọn iná. Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi, yóò fi fóòlù 12.6 hàn. Bí ó bá jẹ́ 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ tẹ tírímù kí ẹ tún wò ó: bí ó bá já wálẹ̀ ju 10.5 lọ, ẹ gba bátìrì mìíràn kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Àmì kan tó rọrùn ni pé tírímù ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń dún, ṣùgbọ́n kò ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá pa á. Bátìrì tàbí orí rẹ̀ tó dọ̀tí nìyẹn. Bí sítátà bá ń yí ẹ́ńjìnì pẹ̀lú agbára, ẹ fi bátìrì sílẹ̀, torí iná tí sítátà ń jẹ ju ti tírímù lọ fíìfíì. Ẹ̀ka tó lọ sí tírímù ni kí ẹ dojú kọ.

Fíúsì ni ó kàn. Ó wà lábẹ́ ìdérí, ó sì sábà máa ń jẹ́ 20 A tàbí 30 A (A ni ámpíà). Ẹ má fi ojú lásán wò ó. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n. Bí fíúsì tuntun bá tún jó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wáyà kan ń kan irin níbì kan tàbí mọ́tò ti há. Ẹ má fi wáyà tín-ín-rín dípò fíúsì. Àwa mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é, inú ọkọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe é náà ni bẹntiróòlù wà.

Tí rílè kò bá dún, ẹ wọn wáyà búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ tó ti bọ́tìnì wá nígbà tí ẹnì kan ń tẹ òkè, àti gíríìnì fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tó ń tẹ ìsàlẹ̀. Ó yẹ kí ẹ rí bíi fóòlù 12. Bí kò bá sí, ẹ tọ wáyà náà padà sẹ́yìn títí ẹ ó fi rí ibi tó ti sọnù. Ẹ ṣí gbogbo ibi tí wáyà ti so pọ̀. Omi ọ̀sà Èkó máa ń ní iyọ̀ gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò kò sí láti ti omi òkun padà, iyọ̀ yìí ló sì ń sọ orí bàbà di lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà kékeré fọ̀ ọ́, ẹ fi gíríìsì tí omi kò lè ṣàn kúrò kùn ún, kí ẹ tó tì í padà.

Tí rílè bá ń ta “kẹ́”, ibí ni ẹ ó ti lo kókó tí a sọ níṣàájú. Láìtẹ bọ́tìnì, ẹ gbé mítà sí ibi tó ń wọn wáyà tó já. Ó yẹ kí wáyà búlúù nípọn àti nẹ́gẹ́tíìfù dúdú rílè rí ara wọn. Kí gíríìnì nípọn àti dúdú náà rí ara wọn. Èyí tí kò bá rí i, ẹsẹ̀ rílè yẹn ti jó. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé mítà sí fóòlù, ẹ fi ẹsẹ̀ kan rẹ̀ sórí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ìkejì sórí wáyà dúdú rílè, kí ẹnì kan sì tẹ òkè. Bí ẹ bá rí ju 0.5 lọ, nẹ́gẹ́tíìfù yẹn kò mọ́: ẹ tú ìdè rẹ̀, ẹ ha ojú irin títí yóò fi dán, ẹ dè é padà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún wáyà pupa láti pọ́sítíìfù bátìrì dé rílè.

Bí rílè méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà tó sì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bó ṣe rí lára ọ̀pọ̀ Mercury, ẹ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Bí àìsàn bá kúrò ní òkè bọ́ sí ìsàlẹ̀, ẹ ti rí i.

Ní ìparí, ẹ wọn iná lórí wáyà mọ́tò gan-an, láàárín búlúù àti gíríìnì, nígbà tí ẹnì kan ń tẹ bọ́tìnì. Bí ẹ bá rí fóòlù 10.5 sókè, tí mọ́tò kò sì yí, mọ́tò ló bàjẹ́. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ yọ wáyà méjèèjì kúrò lára rílè pátápátá, ẹ so wọ́n tààrà mọ́ bátìrì pẹ̀lú wáyà tó nípọn bíi èyí tí wọ́n fi ń jí bátìrì ọkọ̀, kí fíúsì 30 A wà láàárín: pọ́sítíìfù sórí búlúù, nẹ́gẹ́tíìfù sórí gíríìnì, yóò gòkè, ẹ pààrọ̀ wọn, yóò sọ̀. Ẹ má ṣe èyí láìyọ wáyà kúrò lára rílè, torí nẹ́gẹ́tíìfù tó wà nínú rílè yóò gba iná yín jẹ, yóò sì jó rílè náà.

Mọ́tò tó kú, tí ẹ bá fi èkù igi òòlù gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́ tó sì yí, búrọ́ọ̀ṣì kábọ̀n rẹ̀ (èyí tó ń gbé iná wọ inú mọ́tò) ló ti há tàbí tó ti jẹ tán. Kì í ṣe àtúnṣe o, ó kàn jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí wàhálà wà. Ẹ ó tú u, ẹ ó pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì, ẹ ó fọ ibi tí búrọ́ọ̀ṣì ń fara kàn. Bí ẹ bá bá omi aláwọ̀ ìpẹtà nínú rẹ̀, síìlì (rọ́bà tó ń dí omi àti ọ́ìlì) orí mọ́tò tàbí ibi tí wáyà gbà wọlé ti la. Búrọ́ọ̀ṣì tuntun kò ní pẹ́ níbẹ̀ bí ẹ kò bá dí ọ̀nà omi. Ẹ rántí pé lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, orí àpò ọ́ìlì ni mọ́tò jókòó sí. Ẹ fi igi ti ẹ́ńjìnì sókè, kí ẹ sì ṣí fáàfù ọwọ́ kí agbára tán nínú ọ́ìlì, kí ẹ tó tú ìdè rẹ̀.

Mọ́tò ń yí, ẹ́ńjìnì kò mira

Fáàfù ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ojú ìdè ńlá kan ni, tí a ń fi súkúrúdíráfà pẹlẹbẹ yí, ẹ ó rí i nínú ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrákẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fi sí i kí a lè fi ọwọ́ gbé ẹ́ńjìnì nígbà tí iná bá kú. Ẹni tó ṣí i nígbà tí ọkọ̀ há sórí iyanrìn lè gbàgbé láti tì í, mẹkáníìkì ọ̀la yóò sì máa wá pọ́ǹpù tuntun. Ẹ yí i sọ́wọ́ ọ̀tún títí yóò fi dúró, kí ẹ fún un le níwọ̀nba. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára yí i yóò gé O-ring rẹ̀ tàbí kó ba ẹnu rẹ̀ jẹ́.

Bí fáàfù bá ti wà ní títì, ẹ lọ sí ọ́ìlì. Bí ọ́ìlì bá péye, tí mọ́tò ṣì ń sáré lófo, irin kékeré tó so ọ̀pá mọ́tò mọ́ pọ́ǹpù ti já tàbí eyín rẹ̀ ti jẹ tán. Ẹ tú mọ́tò nìkan, ẹ ó rí i lójú, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti pọ́ǹpù.

Bí mọ́tò bá ń kérora ńkọ́, tí iná sì pé? Ẹ ṣí fáàfù ọwọ́, kí ènìyàn méjì gbìyànjú láti gbé ẹ́ńjìnì sókè. Bí kò bá mira, pọ́ǹpù kò jẹ̀bi. Páìpù tí ẹ́ńjìnì fi ń yí lórí búrákẹ́ẹ̀tì ti gbẹ, ìpẹtà ti dì í mú. Ẹ fún gíríìsì sí gbogbo ẹnu gíríìsì tó wà níbẹ̀ títí tuntun yóò fi ti èyí tó ti dúdú jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ sì máa jì í sókè sísàlẹ̀.

Ọ́ìlì: bí a ṣe ń wò ó, bí a ṣe ń rọ ọ́

Òkè pátápátá ni ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ wà. Ìdí ni pé bí ọ̀pá bá ṣe ń jáde, ọ́ìlì ń kúrò nínú àpò lọ sínú sílíńdà. Bí wọ́n bá wọlé, ọ́ìlì á padà. Ẹni tó bá wo ọ́ìlì nígbà tí ẹ́ńjìnì wà nísàlẹ̀ yóò rò pé ó kún, nígbà tí kò tó. Yàtọ̀ sí èyí, ṣíṣí ìdérí àpò nígbà tí ẹ́ńjìnì wà nísàlẹ̀ lè mú kí ọ́ìlì fọ́n sí yín lójú.

Ẹ gbé e dé òkè, ẹ há a, ẹ tì í. Bí iná kò bá lè gbé e, ẹ ṣí fáàfù ọwọ́, ẹ fi ọwọ́ tàbí ṣéènì gbé e, ẹ há a, ẹ tún fáàfù tì. Ẹ fọ àyíká ìdérí àpò dáadáa, torí ẹyọ iyanrìn kan ṣoṣo tó bá wọlé tó láti mú kí fáàfù má lè dé mọ́. Ẹ rọra ṣí i. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ kan ẹnu ihò, kí díẹ̀ tilẹ̀ fẹ́ ṣàn jáde.

ATF Dexron II ni Yamaha kọ sínú ìwé àwọn ẹ́ńjìnì wọ̀nyí, ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń lò nínú gíà ọ̀tọ̀mátíìkì. Dexron III náà ń ṣe é. Mercury ní tirẹ̀ tí wọ́n ń tà fún tírímù àti sìtíárì. Ọ́ìlì bíréèkì kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láéláé: yóò mú rọ́bà inú rẹ̀ wú, láàárín ọjọ́ díẹ̀ gbogbo síìlì yóò di ẹ̀fọ́. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì náà kò dára, ó nípọn jù.

Ẹ wo àwọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀. Pupa tó mọ́ gaara ló dára. Bí ó bá funfun bíi mílíìkì aláwọ̀ pupa, omi ti wọlé, láti síìlì ọ̀pá tàbí O-ring ìdérí àpò. Bí ó bá ń dán yẹ́ríyẹ́rí nígbà tí ẹ bá fi iná tọ́ọ̀ṣì wò ó lórí ìka, irin ni, jíà pọ́ǹpù ń jẹ ara wọn. Nígbà yìí ni a tó lè sọ̀rọ̀ pọ́ǹpù tuntun.

Afẹ́fẹ́ inú ọ́ìlì máa ń mú kí ẹ́ńjìnì gòkè ní gbígbọ̀n-gbígbọ̀n, tàbí kó gòkè díẹ̀ kó dúró. Láti yọ ọ́: ẹ rọ ọ́ìlì kún, ẹ dé e, ẹ mú ẹ́ńjìnì sọ̀ pátápátá, ẹ gbé e gòkè pátápátá, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ìfóófòó lè gòkè, ẹ ṣí i, ẹ fi ọ́ìlì kún un. Ẹ tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún, títí ọ́ìlì kò fi ní dínkù mọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá dé òkè tí ohùn mọ́tò yí padà, ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ó gòkè, ṣùgbọ́n ó ń dá sọ̀kalẹ̀

Èyí ló ń tan ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì jẹ, torí ó lè ti ibi mẹ́rin wá, inú ni púpọ̀ nínú wọn sì wà. Ẹ kọ́kọ́ mọ bó ṣe burú tó. Ẹ gbé ẹ́ńjìnì dé òkè láìlo irin ìgbédúró, kí ẹnikẹ́ni má sí lábẹ́ rẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ọ̀pá níbi tó ti wọ sílíńdà, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Bí ó bá sọ̀ ní mìlímítà díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì máa ń súnkì nígbà tí òru bá tutù. Bí ó bá sọ̀ tó ìdajì, tàbí tó dé ìsàlẹ̀ láàárín wákàtí kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ nu gbogbo ọ̀pá àti ìsàlẹ̀ pọ́ǹpù gbẹ, ẹ fi páálí sábẹ́ rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá kán sílẹ̀, síìlì ìta ni. Bí kò bá kán, ọ́ìlì ń kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì nínú.

Lẹ́yìn ìyẹn, fáàfù ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí òun ló rọrùn jù láti yọ. Ẹ gbé ẹ́ńjìnì sókè, ẹ tì í dáadáa, ẹ ṣí fáàfù kí agbára tán, ẹ yọ kílíìpù tó dì í mú, ẹ yí i jáde. Ẹ wo O-ring rẹ̀ bóyá ó ti gé tàbí ó ti pẹlẹbẹ, ẹ wo ẹnu rẹ̀ bóyá ojú ìlà wà níbẹ̀. Ẹ fi O-ring tuntun tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà, tí ọ́ìlì kò lè bà jẹ́, sí i, ẹ fi ATF pa á lára, ẹ dá a padà. Ẹ tún dán an wò pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì kí ẹ tó lọ síwájú. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ń parí síbí.

Bí kò bá parí, ó ku fáàfù inú pọ́ǹpù àti písítìnì ọ̀pá àárín. Ìdọ̀tí tó há sẹ́nu fáàfù lè kúrò bí ẹ bá fa gbogbo ọ́ìlì àtijọ́ jáde, tí ẹ fi tuntun fọ ọ́, tí ẹ sì jẹ́ kó lọ sókè sísàlẹ̀ bí ìgbà mẹ́wàá, kí mọ́tò máa sinmi láàárín wọn. Owó ọ́ìlì kéré sí ti títú, nítorí náà ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó tú. Ti písítìnì yàtọ̀. Bọ́ọ̀lù irin kéékèèké àti sípíríìngì wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì fò sókè bí ó bá kọlu nǹkan nínú omi, bíi gẹdú tó já kúrò lára èyí tí wọ́n ń fà gba ọ̀sà lọ síbi ìlagi. Bí ẹ́ńjìnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn tó kọlu igi, àwọn bọ́ọ̀lù yìí ni kí ẹ fura sí, kí ẹ sì fi irin tó tọ́ wọn ọ̀pá náà bóyá ó ti tẹ̀. Ọ̀pá tó tẹ̀ yóò jẹ síìlì tuntun run.

Ó ń fò sókè nígbà tí ẹ bá fi sí rífáàsì

Nígbà tí pùròpẹ́là bá ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ẹ́ńjìnì fẹ́ gòkè. Ọ́ìlì tó wà lókè písítìnì ló ń dì í mú. Àìsàn yìí kan náà ni pẹ̀lú èyí tó ṣáájú, ó kàn wà ní òdìkejì: fáàfù ọwọ́, ọ́ìlì tí kò tó, fáàfù ìsàlẹ̀, bọ́ọ̀lù inú písítìnì, ní títò bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kó èrò. Ibi tí wọ́n ti ń lo rífáàsì jù ni ìdí jẹ́tì, níbi tí ọkọ̀ tí kò lè dúró ti lè gbá ọkọ̀ mìíràn.

Síìlì tó ń jò

Ẹ wo ojú ọ̀pá kí ẹ tó ra síìlì. Bí ihò ìpẹtà bá wà lára rẹ̀ níbi tó ń wọlé-jáde, ọ̀pá náà ni kí ẹ pààrọ̀. Ìkarawun tó lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi igi ha á. Ẹ má fi ọ̀bẹ, ẹ má sì fi púláyà di ọ̀pá mú.

Ìdérí sílíńdà ní ihò kéékèèké lójú, sípánà eléyín méjì tó bá ihò náà mu ni wọ́n fi ń ṣí i. Ẹni tó bá fi ṣísù àti òòlù lù ú yóò ra sílíńdà tuntun. Ẹ ra gbogbo rọ́bà ìdérí náà pọ̀, ẹ fi ATF pa wọ́n kí wọ́n tó wọlé, kí etí síìlì tó ń di ọ́ìlì mú kọjú sí inú, ti èyí tó ń nu omi kọjú sí ìta. Síńkì aláàbò tó wà nísàlẹ̀ búrákẹ́ẹ̀tì náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti jẹ tó ìdajì, ẹ má sì kun ún ní ọ̀dà, torí òun ni ìpẹtà gbọ́dọ̀ jẹ dípò ọ̀pá yín.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tírímù tòkunbọ̀

Kí ẹni tó ń tà á so ó mọ́ bátìrì níṣojú yín. Gbogbo ọ̀pá gbọ́dọ̀ jáde, kí wọ́n sì wọlé, láìgbọ̀n. Nígbà tí wọ́n bá jáde tán, ohùn mọ́tò gbọ́dọ̀ yí padà. Èyí fi hàn pé pọ́ǹpù ní agbára. Ẹ fi gbogbo ara yín tẹ ọ̀pá náà mọ́lẹ̀: bí ó bá wọlé, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Ẹ ṣí ìdérí àpò, ẹ wo àwọ̀ ọ́ìlì. Tòkunbọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn lọ́dà, tí ọ́ìlì inú rẹ̀ sì funfun, abẹ́ omi ló ti wá.

Lẹ́yìn àtúnṣe

Ẹ gbé e sókè sísàlẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, ẹ wo ọ́ìlì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Bí mítà tírímù tó wà níwájú awakọ̀ bá ṣì ń fi ibi tí kò tọ́ hàn, ẹ má tún tú nǹkan kan: sẹ́ńsọ̀ ẹ̀gbẹ́ búrákẹ́ẹ̀tì ló yà kúrò ní ipò, kò sì kan ọ́ìlì rárá. Ẹ tú ìdè rẹ̀ díẹ̀, ẹ yí i títí mítà yóò fi wà nísàlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì wà nísàlẹ̀, ẹ dè é padà. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ lórí omi, ẹ tún ṣí ìdérí àpò ọ́ìlì, pẹ̀lú ẹ́ńjìnì lókè pátápátá, torí afẹ́fẹ́ tó kù sínú sílíńdà máa ń jáde nígbà náà, ọ́ìlì a sì dínkù. Ẹ fi kún un títí yóò fi kan ẹnu ihò.